Àìmọ̀ Kì Í Ṣe Awo

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á jọ yẹ̀ wò kí ó tó di bárakú láàárín wa. Ní ìlú Dublin yìí, nígbà tí òru bá gùn tí oòrùn kò sì pẹ́ lójú ọ̀run mọ́, ìròyìn ẹranko abàmì a máa pọ̀ lórí fóònù. Ẹnìkan á fi fọ́nrán ránṣẹ́ pé òun rí ohun dúdú kan tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Liffey. Ẹlòmíràn á ní ẹranko kan tí kò jọ ajá, tí kò jọ ológbò, gba iwájú ọkọ̀ òun kọjá lórí òkè Wicklow. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn kan nínú wa á ti fún un lórúkọ: wọ́n á ní Yemọja ni, tàbí Olókun, tàbí pé ìránṣẹ́ Èṣù ni. Àwọn tuntun inú wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú ẹbọ tí a ó gbé lọ sétí omi.

Èrò tèmi ni pé ìwà yìí kò bá ìṣe àwọn tí ó gbé ẹ̀sìn yìí lé wa lọ́wọ́ mu. Àìmọ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wádìí. Awo ni ohun tí àwọn kan mọ̀ dájúdájú, tí wọ́n sì ń pa mọ́ nítorí ọ̀wọ̀ rẹ̀ àti nítorí agbára tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pe àìmọ̀ ní awo, awo gan-an ni ó ń sọ di yẹpẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlú tí a wà.

Àwọn ará Dublin ní ìtàn kan tí wọ́n ń pè ní ìtàn Dolocher. Ìwé ìròyìn Dublin Penny Journal tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1832, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ọ̀daràn kan tí ń jẹ́ Olocher wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Black Dog, ní agbègbè Cornmarket, tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n ó pa ara rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ibi tí wọn ó ti so ó rọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n bá ẹ̀ṣọ́ kan nílẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣọ́ ọgbà. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ńlá kan ni ó kọlu òun. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn pòórá lóru, aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Àwọn obìnrin tí ń rìn lálẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í figbe ta pé ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ń dá àwọn lọ́nà. Gbogbo ìlú gbà pé Olocher ni ó padà wá ní ìrísí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dolocher. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin kan kúrò nídìí ọtí, wọ́n mú ohun ìjà, wọ́n sì ń pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ dúdú tí wọ́n bá lójú pópó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí òkú ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo nílẹ̀. Ìbẹ̀rù wá di ìlọ́po méjì.

Nígbà tí ìgbà òtútù mìíràn dé, Dolocher tún yọjú. Alágbẹ̀dẹ kan tí ó wá láti ìgbèríko ni ó tú àṣírí rẹ̀. Òjò ká a mọ́ ìlú, ó sì yá aṣọ ìbora obìnrin kan kí ó lè máa lọ. Ẹranko náà fò mọ́ ọn nínú òkùnkùn, ó ṣe bí obìnrin ni. Alágbẹ̀dẹ lù ú bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, ènìyàn ni, ó fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ bora. Ẹ̀ṣọ́ tí ó pòórá lọ́jọ́sí gan-an ni. Ìtàn náà sọ pé ó jẹ́wọ́ kí ó tó kú pé òun ni òun ń fi ẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀ ja àwọn obìnrin lólè, òun náà ni òun sì kó àwọn òkú ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ yẹn lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ògún, mo mọ̀ pé inú yín á dùn pé alágbẹ̀dẹ ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ó ṣe yanjú rẹ̀. Kò pe ẹranko náà ní òrìṣà, kò sì pè é ní iwin. Ó dì í mú, ó sì wo ojú rẹ̀. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ nìkan kò tó bo ọkùnrin yẹn láṣìírí. Ìbẹ̀rù ìlú ni aṣọ tí ó bò ó jù. Bí àwọn ènìyàn bá ti béèrè ní ọjọ́ kìíní pé níbo ni ẹ̀ṣọ́ tí ó sọnù wà, ọ̀pọ̀ obìnrin ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ì bá sì wà láàyè.

Kí á má ṣe rò pé àwọn ará ibí nìkan ni irú èyí ń bá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ní ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò fa ewúrẹ́ kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọkùnrin méjì fẹ́ jí ọkọ̀ Mazda kan gbé. Ọ̀kan sá lọ, èkejì sì di ewúrẹ́ nígbà tí wọ́n ká a mọ́. Ewúrẹ́ náà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ìròyìn rẹ̀ kárí ayé, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wá wò ó. Ẹ wo bí ìtàn méjèèjì ṣe dojú kọ ara wọn. Ní Dublin, ènìyàn ni ó wà nínú ẹlẹ́dẹ̀, ìlú sì ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Ní Kwara, wọ́n ní ènìyàn ti wọ inú ewúrẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ewúrẹ́. Nínú méjèèjì, olè ní àyè láti rìn lọ.

Ìdí kejì kan àwa gan-an tí a jẹ́ àlejò níbí. Láti ọdún 2014 ni àwọn ará Croydon ní London ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú ológbò tí orí tàbí ìrù rẹ̀ ti gé kúrò. Iye rẹ̀ lọ sókè títí ó fi kọjá 400, gbogbo ènìyàn sì gbà pé apààyàn kan ni ó ń fi ẹranko kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn ìwádìí nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn ọlọ́pàá London kéde pé kò sí apààyàn kankan: ọkọ̀ ni ó ń pa àwọn ológbò náà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ó sì ń ya òkú wọn. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Tallaght tàbí ní Blanchardstown lọ́la, ta ni àwọn aládùúgbò á kọ́kọ́ nàka sí? Àwa tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹbọ ni. Bí àwa fúnra wa bá ti ń kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ẹranko abàmì tí ń rìn lóru jẹ́ tiwa, a ti fi ẹnu ara wa kọ ìwé ẹ̀sùn náà. Ẹnu wa ni yóò kó bá wa, àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Kò sí ìdí fún wa láti fi ìtàn àwọn ará Ireland ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ tí a wà ní àwọn ìtàn tirẹ̀, ọ̀wọ̀ sì tọ́ sí wọn. Ní ìtẹ́ òkú Conwall, ní àgbègbè Leitrim, òkúta ibojì kan wà tí ọdún 1722 wà lára rẹ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Grace ni wọ́n sin sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹranko kan sára òkúta náà, ó jọ ajá, ọ̀kọ̀ sì gún un. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé obìnrin náà lọ fọ aṣọ ní adágún Glenade, ẹranko inú omi kan tí wọ́n ń pè ní dobhar-chú sì pa á. Ọkọ rẹ̀ bá ẹranko náà lórí òkú ìyàwó rẹ̀, ó sì gún un pa. Bí ó ṣe ń kú lọ, ó fé fèrè, èkejì rẹ̀ sì jáde láti inú omi, ó lé ọkùnrin náà àti arákùnrin rẹ̀ lórí ẹṣin títí wọ́n fi pa òun náà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1684, Roderick O'Flaherty ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa ìwọ̀-oòrùn Connacht pé ẹranko omi kan gbá ọkùnrin kan mú ní etí adágún Lough Mask.

Ìtumọ̀ orúkọ náà kò fara sin fún ẹni tí ó gbọ́ èdè Irish. Dobhar jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún omi. Cú ni ajá ọdẹ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ẹranko kan tí ó wà láàyè títí dòní, tí Òyìnbó ń pè ní otter, tí èdè Irish òde òní sì ń pè ní madra uisce, èyí tí í ṣe ajá omi. Ẹja ni ó ń jẹ, ó máa ń gùn ju mítà kan lọ láti imú dé ìrù, ó sì máa ń súfèé pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ní Leitrim nìkan. Ó wà nínú odò Dodder, ó wà nínú Liffey, ó ń gba abẹ́ afárá tí àwa náà ń gbà kọjá. Òfin Wildlife Act ti ọdún 1976 sì dáàbò bò ó. Ohun dúdú tí ó gbórí sókè nínú omi ní ìrọ̀lẹ́, tí a fi ń bi ara wa bóyá Olókun ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ajá omi yìí, tí ó ń wá oúnjẹ alẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

Ṣé mo wá ń sọ pé irọ́ ni òkúta Conwall ń pa? Rárá o. Obìnrin kan kú, ọkọ rẹ̀ sunkún, wọ́n sì gbẹ́ ìbànújẹ́ wọn sára òkúta. Ìyẹn tó ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà mẹ́ta láti Dublin ṣe sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1960 pé àwọn rí ohun kan tí ó yọ lójú omi Lough Ree nígbà tí àwọn ń pẹja, ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ ni pé àwọn rí ohun kan. Wọn kò dá ilé ìsìn sílẹ̀ fún un. Ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí orúkọ tí ẹnu ń fún un, àárín méjèèjì sì ni ìwádìí ń gbé.

Níbi tí ìwádìí kò bá sí, oníjìbìtì ni yóò gba àyè rẹ̀. Ẹ rántí adágún Loch Ness ní Scotland. Ariwo rẹ̀ gbòde ní ọdún 1933. Kí ọdún náà tó parí, ọdẹ kan tí ìwé ìròyìn Daily Mail gbà síṣẹ́ kéde pé òun ti rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹsẹ̀ erinmi gbígbẹ ni ẹnìkan tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ̀rín á pa ọdẹ ilẹ̀ wa èyíkéyìí tí ó mọ ipa ẹsẹ̀ erinmi. Àwòrán tí ó lókìkí jù lọ jáde ní ọdún 1934. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1994, ni ayé gbọ́ pé ọkọ̀ abẹ́ omi tí ọmọdé fi ń ṣeré ni, tí wọ́n fi ọrùn àtọwọ́dá lé lórí. Ní ọdún 2018, Neil Gemmell, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Otago ní New Zealand, kó omi adágún náà láti wá àmì ẹ̀jẹ̀ gbogbo ohun abẹ̀mí tí ó ń gbé inú rẹ̀. Èsì tí ó kéde ní 2019 ni pé òun kò rí àmì ẹranko afàyàfà ńlá kankan. Ohun tí òun rí lọ́pọ̀lọpọ̀ ni àmì ẹja gígùn tí Òyìnbó ń pè ní eel.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Ta ni nínú àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ni a kò fi egbére dẹ́rù bà? Wọ́n ní ó kúrú, ó gbé ẹní dání, ó ń sunkún kiri nínú igbó lóru, ẹni tí ó bá sì gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di olówó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé oníbùgbé ni ó ti gbọ́ igbe kan lóru tí ó fi bo orí mọ́lẹ̀ di àárọ̀. Igbe náà wà lóòótọ́. Àwọn ọdẹ mọ onígbe náà: ọ̀fàfà wà nínú wọn, ẹranko kékeré tí ń gun igi, tí ohùn rẹ̀ lóru ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ẹranko lo ọ̀pọ̀ ọdún láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohùn tí wọ́n gbà lé ní 400. Wọ́n wọn agbárí rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ọdún 2021 ni wọ́n wá kéde pé ọ̀fàfà tí ó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya, láti Ghana gba Togo àti Benin dé ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, jẹ́ irú ọ̀tọ̀. Àwọn yòókù ń ké tantan. Tiwa ń gbó bí ajá. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé wọn ni Dendrohyrax interfluvialis, èyí tí ó túmọ̀ sí ti àárín odò méjì.

Ẹ̀yin ọmọ Ọya, ẹ gbọ́ o. Odò ìyá yín ni ààlà láàárín ẹranko méjì, kò sì sí ẹni tí ó mọ èyí nípa bíbo orí mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó jókòó nínú òkùnkùn, tí wọ́n dẹ etí, ni ó mọ̀ ọ́n. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Iṣẹ́ ọdẹ ni, iṣẹ́ Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá mọ̀ pé oníjàálá kì í kí ẹran ní ìkígbé lásán. Bí ó bá ń kí ẹfọ̀n, á sọ bí ìwo rẹ̀ ṣe rí, á sọ bí ó ṣe ń rìn, á sọ ohun tí ó ń jẹ àti bí ó ṣe ń bínú. Ìmọ̀ ni ó di oríkì. Ẹran tí ọdẹ kò mọ̀, kò lè kí i.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ̀sìn tí a gbà yìí jẹ́ ẹ̀sìn orúkọ pípé. Ẹ wo ìkóódẹ tí a fi sí orí adóṣù. Ìyẹ́ ìrù odídẹrẹ́ ni. Bí ẹnìkan bá gbé ìyẹ́ pupa mìíràn wá, bó ti wù kí ó dán tó, àwọn ìyá wa kò ní gbà á. Ìgbín ni a fi ń tu Ọbàtálá lójú, omi ara rẹ̀ ni omi ẹ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó jọ ọ́. Ajá ni ti Ògún, àgbò ni ti Ṣàngó. Nígbà tí a bá ń gún omi ẹ̀rọ̀, a mọ òdúndún yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀, a mọ tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí rinrin, nítorí pé ewé tí a bá ṣì já lè pa ènìyàn. Ọ̀sanyìn kì í dáhùn orúkọ tí a méfò. Gbogbo ẹranko tí ó wọ inú awo wa jẹ́ ẹranko tí àwọn baba wa mọ̀ dénú egungun. Báwo ni a ó ṣe wá gbé ohun tí a kò tíì mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìrù rẹ̀ sórí ojúbọ?

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín á sọ. Ẹ ó ní: ṣé Ọya kì í di ẹfọ̀n ni? Ṣé ọdẹ kò rí i nígbà tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì di arẹwà obìnrin? Ó rí i. Mo gba ìtàn náà gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti gbà á gbọ́, n kò sì wá síbí láti bu òrìṣà kù. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn náà wò. Ẹfọ̀n ni ọdẹ náà rí, ẹran tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó mọ ìwo rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀. Nítorí pé ó mọ ẹfọ̀n ni ó fi mọ ìgbà tí ẹfọ̀n ṣe ohun tí ẹfọ̀n kì í ṣe. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó wò ó títí dé òpin, lẹ́yìn náà ni ó tó mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìyanu ń fara hàn fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó wọ́pọ̀. Ẹni tí kò mọ ajá omi yàtọ̀ sí kùkùté, báwo ni yóò ṣe mọ ọjọ́ tí òrìṣà bá gba iwájú rẹ̀ kọjá?

Ẹ tún rántí pé kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú kí ohun kan ṣàjèjì sí wa. Àwọn ará igbó Ituri ní Congo mọ okapi, wọ́n ń dẹ ẹ́, wọ́n ń lo awọ rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù kò mọ̀ pé ó wà. Ọdún 1901 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé wọn. Ní etíkun Dublin níhìn-ín, ní erékùṣù Lambay, ẹranko kan ń fò lórí ẹsẹ̀ méjì bí kangaroo. Ẹni tí ó bá rí i láti inú ọkọ̀ ojú omi á lè búra pé ẹbọra ni. Wallaby ni, ìbátan kangaroo láti Australia. Onílé erékùṣù náà ni ó kó wọn débẹ̀ láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, ọgbà ẹranko Dublin Zoo sì fi kún wọn ní àwọn ọdún 1980. Ẹranko abàmì ọ̀dọ̀ ẹnìkan jẹ́ ẹran ọ̀sìn ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kí á tó sọ pé kò sẹ́ni tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí á bi ẹni tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tuntun inú wa, ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa ṣe nìyí. Bí ẹ bá rí ohun tí ó yà yín lẹ́nu, ẹ dúró. Ẹ wò ó dáadáa: bí ó ṣe tóbi tó, bí etí àti ìrù rẹ̀ ṣe rí, bí ó ṣe ń rìn, ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó lọ. Ẹ má ṣe sọ òkò sí i, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á nítorí ìbẹ̀rù yín. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja àti àwọn àgbẹ̀ ibí, wọ́n mọ ilẹ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Waterford, National Biodiversity Data Centre, tí ń gba àkọsílẹ̀ ẹranko àti ewéko tí ará ìlú bá rí. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí ránṣẹ́ sí wọn. Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá sílé awo. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ wà, obì wà, ìbò wà. Ifá fúnra rẹ̀ kò méfò: a dá a, a di ìbò, a béèrè bóyá ire ni tàbí ibi, a tún béèrè ohun tí yóò gbà. Ìbéèrè ni ẹ̀sìn wa láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fo ìbéèrè kọjá, tí ó ń pariwo ìdáhùn, ó ti fi Ọ̀rúnmìlà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin náà. Nígbà tí ọmọ tuntun bá fi fọ́nrán hàn yín tí ó ní ẹ wo iṣẹ́ òrìṣà, ó dùn mọ́ ènìyàn láti dáhùn lójú ẹsẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé àgbà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí adùn yẹn tàn yín. Kò sí ìtìjú nínú kí àgbà sọ pé kí á lọ wò ó. Ọmọ tí ó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu yín á kọ́ sùúrù. Ọmọ tí ó bá rí i pé gbogbo òjìji ni ẹ ń fún lórúkọ òrìṣà á dàgbà, á lọ sí yunifásítì, á mọ̀ pé ajá omi ni, á sì rò pé bákan náà ni gbogbo ohun yòókù tí ẹ kọ́ òun ṣe rí. Báyìí ni à ń pàdánù àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ yìí, tí a sì ń sọ pé Òyìnbó ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ wa.

Omi ilẹ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀, ó sì ní ẹranko tirẹ̀. A lè rúbọ sí Yemọja ní etí òkun Dollymount kí a sì mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tí ó bà sí iyanrìn níbẹ̀. Àní, ẹni tí ó bá mọ orúkọ wọn ni yóò bọ̀wọ̀ fún ilé ìyá wa jù. Kí Orí wa fún wa ní ojú tí ń ríran, kí Ifá fún wa ní etí tí ń gbọ́ràn, kí Ògún sì là wá lọ́nà nínú òkùnkùn. Àṣẹ.